Ẹni Tó Ń Ké "Ẹ Dìde"

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni àbúrò mi.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ké "Ẹ dìde!" bí adájọ́ bá ń wọ kóòtù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ké e. Ẹ-Dìde làwọn ará àdúgbò ń pè é. Bó bá sì délé, ìyàwó rẹ̀ á mọ̀ọ́mọ̀ jókòó síbẹ̀.

Adájọ́ kan wà ní kóòtù náà tó mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá tó ń gbálẹ̀ kóòtù ta omi sí i ní bàtà nínú ọ́fíìsì. Adájọ́ gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi gbé fáìlì dání lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i. Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Ìyá náà fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá kóòtù. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Kò dákẹ́. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn adájọ́ wí. Ìgbìmọ̀ pe àbúrò mi. Bí kò bá sọ ohun tó rí, iṣẹ́ ìyá yẹn lọ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni àbúrò mi ò fi jẹun dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baba wọn, ṣé oúnjẹ lẹ fẹ́ jẹ́rìí ta kò ni?"

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí. 'Ẹ dìde' nìkan lẹnu mi mọ̀ ọ́n sọ."

Mo sìn ín lọ síwájú ìgbìmọ̀. Yàrá kékeré ni, tábìlì gígùn kan, fáànù tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àgbà adájọ́ márùn-ún jókòó. Ilẹ̀kùn ṣí, adájọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wọlé. Àbúrò mi ò mọ ìgbà tó fò sókè.

"Ẹ dìdeeee!"

Gbogbo wa dìde. Àwọn márààrún dìde. Wọ́n wá ń wojú ara wọn. Alága wọn, ìyá arúgbó kan, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́yà adájọ́ náà sọ̀rọ̀ tó gùn bí okùn kànga. Ibi tó yé mi nìyí: "Bàbá, ẹni tẹ́ ẹ ní ó gbá obìnrin létí, òun náà lẹ tún ń dìde fún?"

Òógùn bo àbúrò mi. Mo rò pé ó ti parí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àga ni mò ń ké fún. Ẹni tó jókòó sí i, mo rí i. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbá a lákọ̀ọ́kọ́, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Yẹtí ìyá náà já bọ́ sínú korobá."

Alága ṣí ìwé tí ìyá náà kọ. Ọ̀rọ̀ yẹtí wà níbẹ̀. Àbúrò mi ò rí ìwé yẹn rí láyé rẹ̀.

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rà á. Wọ́n yọ adájọ́ náà níṣẹ́, wọ́n ní kí ìyá onígbálẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà, àbúrò mi lọ kí i. Ìyá náà na ìgbálẹ̀ sí i: "Ẹ-Dìde, ẹ dúró síbẹ̀! Ilẹ̀ mi ò tíì gbẹ!"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àbúrò mi sọ ìyẹn fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja díndín méjì, ó sì fi búrẹ́dì nu àwo.