Ìka Tíṣà Wándé àti Iyán Ilé Àna

Bí ẹ bá dé Ìrókò ní ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira, tí ẹ sì béèrè Tíṣà Akínwándé, ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó júwe ilé fún yín. Kì í ṣe pé orí Wándé dàrú o. Ọmọlúàbí ni, ó mọ ìwé kọ́ ọmọ, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àmọ́ ọkùnrin tó ti tó bàbá ọmọ, tó ń dá dúró lórí pápá ilé ìwé nírọ̀lẹ́, tó ń sáré bí ẹni tí oyin lé, tó ń fi apá yípo lókè orí, tó wá ń ju bọ́ọ̀lù pupa kan lu igi mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀! Bí igi bá wó, a pariwo ayọ̀, a sì tún lọ gbé e dìde. Kí ni ẹ fẹ́ kí ará oko pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Kírìkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe eré náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Wándé ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà ni ó ti kó o, bí ẹni kó ìgbóná, kò sì sàn mọ́ láti ìgbà náà. Kì í ṣe agbára ni ó gbójú lé, nítorí Wándé kò sanra. Ìka ni. Ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni ó máa ń fi há ojú rírán bọ́ọ̀lù náà, bí ó bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀, a lọ́ ọ bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò tó le. Bọ́ọ̀lù náà a balẹ̀, a ṣe bí ẹni ń lọ sí Ọ̀yọ́, kí ẹni tó di pákó mú, tó ń ṣọ́ igi, sì tó ṣẹ́jú, ó ti yà sí ọ̀nà Ìbàdàn, igi ti fò.

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìka Wándé ló ń san gbogbo rẹ̀. Awọ ibẹ̀ a bó, oríkèé ibẹ̀ a wú, nígbà mìíràn kò ní lè di ṣọ́ọ̀kì mú lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Gàfárù ọ̀rẹ́ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tó máa ń dúró lẹ́yìn igi bá a mú bọ́ọ̀lù bí àwọn tíṣà bá kóra jọ gbá a, ní kí ó máa ti ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Rùkáyátù, ìyàwó Gàfárù, ní òrí ni kí ó máa fi wọ́ ọ. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí ó kúkú sinmi eré náà. Wándé gbọ́ ti omi iyọ̀, ó gbọ́ ti òrí. Ti ọ̀gá ni kò wọ̀ ọ́ létí.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ Títíladé dé. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni Títíladé ní Lálúpọn, ìpàdé àwọn akọrin ni òun àti Wándé ti pàdé. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ Wándé lára débi pé ó máa ń gbàgbé orin tí ó ń kọ lọ́wọ́ bí ọmọbìnrin náà bá bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ó wá di pé kí bàbá rẹ̀ rí ọkùnrin náà, Títíladé pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bùọ̀dá Wándé, ẹ gbọ́ o. Bàbá mi kì í bi èèyàn ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé iyán wá, wọ́n á ní kí ẹ wá bá àwọn jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà. Bí ẹ bá ṣe jẹun ni wọ́n fi máa mọ̀ yín. Akọ̀wé kan ti wá ṣáájú yín, ṣíbí ló béèrè. Wọ́n fún un ní ṣíbí náà, wọ́n sì ní kó máa mú un lọ sílé bàbá rẹ̀.”

“Kí ni iyán fẹ́ fi mí ṣe?” Wándé fi àyà sọ̀rọ̀. “Iyán tí mo fẹ́ràn!”

“Ọwọ́ yín ni mò ń sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni. Ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yẹn títí a ó fi jẹun tán.”

Wándé ṣèlérí. Tọkàntọkàn ni ó fi ṣèlérí náà, ẹ má ṣe bá a wí lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú, ọkọ̀ kan kó àwọn akọ̀wé dé láti Ìbàdàn láti wá bá ẹgbẹ́ àwọn tíṣà gbá kírìkẹ́ẹ̀tì. Wándé ní òun kàn wá wòran ni. Agbádá ni ó wọ̀ wá sí pápá kí ẹ̀mí búburú má baà gbé e wọlé eré. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rùkáyátù, tó ń dín àkàrà fún àwọn òǹwòran, tó sì ti mú òrí díẹ̀ wá fún ọwọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé gíga kan wà láàárín àwọn àlejò náà tí kò sí ohun tí wọ́n jù sí i tí kò gbá sọnù. Ó gbá ọ̀kan wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Ó gbá òmíràn, òrùlé ilé ìwé dún gbàgà. Ó wá fi pákó rẹ̀ ti ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín: “Ṣé kò sí ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù ní gbogbo ilẹ̀ Ìrókò yìí ni?”

Wándé wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀nà Lálúpọn, ó tún wo akọ̀wé náà. “Rùkáyátù,” ó ní, “fún mi ní òrí yẹn díẹ̀.” Ó rò nínú ọkàn rẹ̀ pé bí òun bá tètè fi òrí kun ìka òun kí ìrora tó dé, ìrora kò ní rí ibi wọ̀. Ó kùn ún dáadáa. Ó bọ́ agbádá, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré, ó fi apá yípo.

Òrí àti bọ́ọ̀lù! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Ó yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lọ síwájú, ẹ̀yìn ni ó gbà. Ó fò lókè rẹfirí kọjá, ó sì já gbàmù sínú abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ Rùkáyátù. Ẹ̀wà dé ojú, ẹ̀wà dé gèlè, ẹ̀wà dé irùngbọ̀n àgbàlagbà kan tó ń jẹ àkàrà jẹ́jẹ́ tirẹ̀.

“Ha! Tíṣà!” Rùkáyátù fò dìde. “Èmi tí mo fún yín ní òrí, èmi lẹ tún fi bọ́ọ̀lù san án fún!”

Gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín. Rẹfirí di ikùn mú. Akọ̀wé gíga ní láti fi pákó ṣe ọ̀pá kí ó má baà ṣubú. Wándé bu yanrìn, ó fi nu ọwọ́ títí òrí fi tán àti awọ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ṣan ẹ̀wà kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ìka rẹ̀ ń ta á, ṣùgbọ́n ó há ojú rírán náà mọ́ra, ó sì lọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó dorí kọ Ọ̀yọ́. Akọ̀wé gíga gbé pákó sókè láti pàdé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó yà sí Ìbàdàn. Igi àárín fò bí ẹyẹ.

Kí wá ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Kí ó lọ jókòó? Bí wọ́n ṣe ń wá ni ó ń lé wọn padà títí àwọn akọ̀wé fi tán. Wọ́n gbé e lé èjìká, àgbàlagbà onírùngbọ̀n ẹ̀wà pàápàá ń jó. Ayọ̀ kò jẹ́ kí Wándé mọ ohunkóhun lára, àfi ìgbà tí ó délé tí ó fẹ́ bọ́ ẹ̀wù tí kò lè ṣí bọ́tìnnì. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọn kò sì ká mọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó bà á. Ó pe Títíladé lórúkọ nínú yàrá níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun àti Gàfárù wọ ọkọ̀ dé Lálúpọn. Omi iyọ̀ kò ràn án, òrí kò ràn án. Apá agbádá ni ó fi bo ọwọ́ náà. Àwọn ará àdúgbò ti kún ojú fèrèsé ilé Díákónì Lazarus, bàbá Títíladé, nítorí ìròyìn akọ̀wé oníṣíbí ọjọ́sí ti jẹ́ kí gbogbo wọn fẹ́ wá rí ti tíṣà.

Wándé ní láti dọ̀bálẹ̀. Kò lè fi ọwọ́ ti ilẹ̀, nítorí náà ó kàn jẹ́ kí ara lọ. Gbì! Àyà rẹ̀ kanlẹ̀, imú rẹ̀ kanlẹ̀.

“Háà,” Díákónì wí, “èyí mọ ìkíni o. Dìde, ọmọ mi.” Káfíńtà ni Díákónì, ọwọ́ tó ti ń fa ayùn láti ìgbà èwe ni ó fi gba ọwọ́ ọ̀tún Wándé, ó sì fún un gírí gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́ ṣe ń kí ara wọn. Omi lé ròrò sójú Wándé.

“Ẹ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe rọ̀,” Díákónì sọ fún Ìyá Àgbà, ìyá rẹ̀ arúgbó tó jókòó ti ògiri. “Ojú rẹ̀ ti kún fómi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Wándé pa eyín pọ̀ dáhùn.

Wọ́n gbé iyán dé. Èéfín ń jáde lára rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́, Díákónì gbàdúrà, ó bu òkèlè tirẹ̀, ó gbé e mì, ó sì tẹjú mọ́ àlejò rẹ̀. Gàfárù sún mọ́ Wándé létí: “Àtàńpàkò àti ọmọńdinrín. Rọra.” Wándé fi àtàńpàkò àti ọmọńdinrín gbé iyán. Ó gbé e dé òkè ọbẹ̀, òkèlè náà já, ó bọ́ sínú ẹ̀gúsí, ẹ̀gúsí sì ta sí àyà dàńṣíkí funfun Díákónì.

Wándé rí àwo, ó rí ojú Díákónì tó ń yí padà, ó rí Títíladé lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú ni ọwọ́ òsì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́, ti jáde wá, tó sì na ara rẹ̀ sínú àwo iyán àna.

“Òsì!” ni gbogbo fèrèsé pariwo pọ̀.

Díákónì dìde dúró. “Ọwọ́ òsì? Nínú àwo tí èmi ń jẹ?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí.” Wándé ká apá agbádá sókè, ó na ọwọ́ wíwú náà jáde. “Ìka ló ń dùn mí. Kírìkẹ́ẹ̀tì ni, sà.”

“Ta ni ń jẹ́ Kírìkẹ́ẹ̀tì?” Ìyá Àgbà béèrè. “Kí lo fi ṣe é tó fi lù ọ́ báyìí?”

“Eré ni, mà. A máa ń ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀, ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ, èmi á fi bọ́ọ̀lù wó o.”

“Bí ó bá wó ńkọ́?”

“A ó tún rì í, mà.”

Ìyá Àgbà rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. “Kí ni igi náà ṣe fún yín?”

Ẹ̀rín bú ní fèrèsé, Gàfárù sì fi ojú pamọ́ sínú fìlà. Díákónì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nu àyà rẹ̀. “Ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ mi? Ó tó. Ẹ bá wa gbé iyán kúrò.”

Wándé wólẹ̀ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ti tán. Eré ni òun fi ta ìyàwó, òun náà sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí òun lè dá lẹ́bi.

Ẹnì kan kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Títíladé ni. Ó ti fọ ọwọ́, omi ṣì ń kán ní ìgúnpá rẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú,” ó ní. “Ebi ń pa wọ́n, ọwọ́ sì ń dùn wọ́n.” Ó bu iyán, ó fi kan ọbẹ̀, ó sì fi í sẹ́nu Wándé níwájú gbogbo wọn.

Ní Lálúpọn! Lójú ọ̀sán! Àwọn tó wà ní fèrèsé fi orí gbá orí kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wándé kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè tu ú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n ń rọ lágbo. Díákónì wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn ará àdúgbò, ó tún wo ọmọ rẹ̀, tí kò gbójú sókè, tó tún ti ń bu òmíràn. Ìyá Àgbà ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Díákónì rọra jókòó padà sídìí àwo. “Títíladé,” ó ní, “òkèlè yẹn ti tóbi jù. Ṣé o fẹ́ kó há ọkọ ẹ lọ́fun ni?”