Ọmọ Eyín Mẹ́rin àti Àjẹkù Ìyá Mi

Ọmọ mi pé ọdún kan pẹ̀lú eyín mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ó sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmú mi nìkan lòun á máa fi wọ́n gé jẹ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ó lè mu ògì ṣíbí mẹ́ta. Oúnjẹ tó bá ti lè dúró lórí ṣíbí láìṣàn, ọ̀tá rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, màmá mi pè mí lórí fóònù láti Ìkìrun. Wọn ò kí mi pẹ́.

"Ṣé ó ti ń jẹun?"

"Ó ń gbìyànjú, Mọ́mì."

Wọ́n ní àwọn ò bi mí bóyá ó ń gbìyànjú. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Festac lọ́jọ́ Sátidé, bí ọmọ náà ò bá jẹ oúnjẹ tí àgbà ń jẹ níṣojú àwọn, àwọn á pọ̀n ọ́n, ó di Ìkìrun, àwọn á já a lẹ́nu ọmú níbẹ̀. Ó dìgbà tó bá ń gbé òkèlè iyán mì kí n tó tún fojú kàn án.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọmọ tí kò bá fẹ́ fi ọmú sílẹ̀, wọ́n á gbé e lọ fún ìyá àgbà, nítorí kò sí ọmú kankan níbẹ̀ tó lè máa sunkún sí. Èmi gan-an lo oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi padà, mo wo ìyá mi lójú, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, àǹtí." Gbogbo ẹbí ló máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín lọ́dún Kérésì, màmá mi ló sì máa ń sọ ọ́ jù. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, ẹ̀rín ò wá. Ta ló fẹ́ kí ọmọ tóun fi odidi ọdún kan fún lọ́mú pe òun ní àǹtí?

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gba ọjà Agboju lọ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ. Mo ra ànàmọ́, mo ra kárọ́ọ̀tì, mo ra ẹja tútù, mo tún ra àwo rọ́bà kékeré tí wọ́n ya ẹkùn sí nídìí. Mo ya ìkòkò ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún un. Mo se ànàmọ́ pẹ̀lú ẹja láìsí iyọ̀, láìsí ata, mo yọ egungun ẹja títí ojú fi ń ro mí, mo wá da gbogbo ẹ̀ sínú bílẹ́ńdà. Ọ̀gá gba ṣíbí àkọ́kọ́. Ó wo ojú mi. Ó wá ń fi ahọ́n tì í jáde díẹ̀díẹ̀, bí oníbàárà tó ń dá ọjà tí kò dáa padà fún ọlọ́jà. Inú bí mi gan-an ni. Mo ní kí n tọ́ oúnjẹ náà wò fúnra mi kí n lè bá a wí dáadáa. Kó má di ariwo o, èmi náà ò lè gbé e mì.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọmọbìnrin tó ń gbé lókè wa, tó ń kọrin nínú kúáyà, tí kò tíì bímọ rárá, sọ̀ kalẹ̀ wá gbà mí nímọ̀ràn.

"Àǹtí, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni jàre. Mo wò ó lórí fóònù. Ẹ gé kárọ́ọ̀tì yẹn gbọọrọ, ẹ sè é kó rọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ kó máa fọwọ́ ara ẹ̀ jẹ ẹ́. Ó tán."

Mo sè é, ó rọ̀ bí òwú. Ọmọ mi mú ọ̀kan, ó kì í bọ etí. Ó mú èkejì, ó fi nu ẹsẹ̀ àga. Ó mú ẹ̀kẹta, ó wò mí tàánútàánú, ó sì rọ ọ́ sí mi lẹ́nu. Èmi ni mo jẹ kárọ́ọ̀tì náà tán, ọmọ mi ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó wá ku ọjọ́ kan. Ọkọ mi, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Kuje tó wà nítòsí wa níbí, ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Fúráìdeè wálé, ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bu mọ́ínmọ́ín sí ṣíbí, ó sọ ṣíbí di ọkọ̀, ó sọ ara rẹ̀ di kọ̀ńdọ́kítọ̀. "Agboju! Agboju! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ya ẹnu gbàgà, ọkọ̀ wọlé. Àgbọ̀n kékeré náà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ni ó bá fẹ́ gbogbo mọ́ínmọ́ín sí bàbá rẹ̀ lójú.

Ọkọ mi fọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ó wà o," bí èrò tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ṣe máa ń pariwo.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú mi. Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló mú gbogbo omi yẹn wá.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Bí èmi àti ọkọ mi bá fẹ́ jẹun tiwa, mo máa ń yí ọmọ náà kọ ojú sí ògiri. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ọmọ tó bá ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun, wọ̀bìà ni. Ọmọ tèmi ò ní di wọ̀bìà. Nítorí náà, látìgbà tó ti mọ̀ ọ́n jókòó, ògiri pálọ̀ ló máa ń wò bí a bá ń jẹun, ó sì ti mọ ògiri náà dunjú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pọ̀n ọ́n lọ pàdé màmá mi ní Apple Junction. Ojú mi ò kúrò lára báàgì wọn. Ọ̀já tuntun kan ti yọrí jáde níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo gbé ẹ̀wà àti dòdò fún wọn. Wọ́n yọ eyín tí dókítà ṣe fún wọn, wọ́n jù ú sínú kọ́ọ̀bù omi. Wọ́n ní ó ń dun àwọn, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà fún. Bí wọ́n ṣe bu ṣíbí àkọ́kọ́, mo sáré gbé ọmọ, mo yí i sí ògiri.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Kó má baà máa wò yín lẹ́nu ni, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo kọ́ ọ nígbà tó o ti pé ọmọ ọdún márùn-ún tó ò ń wo ẹnu àlejò! Èyí ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe. Ta ló máa wò tó fi máa mọ oúnjẹ ẹ́ jẹ? Ṣé ògiri ni?"

Ọkọ mi wo ògiri. Èmi náà wò ó. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi tí mo gun bílẹ́ńdà ńkọ́?

Wọ́n ní kí n yí ọkọ àwọn padà. Mo yí i. Ó wá rí ohun tí kò rí rí láyé rẹ̀: ẹnu àgbàlagbà tí kò ní eyín, tó ń jẹ ẹ̀wà. Àgbọ̀n ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ètè ń wọlé, ó ń jáde. Ọmọ mi gbàgbé láti ṣẹ́jú. Kò pẹ́, ẹnu tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Màmá mi ò fún un ní nǹkan kan. Wọ́n ń jẹ tiwọn lọ. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ku ẹ̀wà díẹ̀ àti dòdò méjì tó rọ̀ múyẹ́múyẹ́, wọ́n ti àwo náà síwájú, bí àgbà ṣe máa ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọdé.

"Ọkọ mi, àjẹkù rèé."

Ó rá lọ bá àwo. Ó mú dòdò kan tí ẹ̀wà ti lẹ̀ mọ́ lára, ó fún un mọ́ ọwọ́, ó kì í bọ ẹnu. Ó fi eyín mẹ́rin gé e, ó fi èrìgì lọ̀ ọ́, sọ́tùn-ún, sósì, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i. Ó di ojú. Ó gbé e mì. Pẹ̀lú ata, pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà! Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ gbá àwo náà pé òun ń fẹ́ sí i. Inú mi dùn débi pé mo fi ṣíbí ìsebẹ̀ bu ẹ̀wà wá, ni màmá mi bá ní, "Rọra, má pa á."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo sìn wọ́n padà sí Apple Junction, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ọ̀já tuntun sì ti wà nísàlẹ̀ báàgì. Ẹnu mi ò lè dákẹ́. Mo ní, "Ẹ ẹ̀ gbé e lọ mọ́, Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó máa pe èmi ní àǹtí."

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ tó o pè mí ní àǹtí yẹn," wọ́n ní, "mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mò ń da omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi."

Mo dúró sójú kan. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi wá fẹ́ gbé tèmi lọ.

"Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Kó pè ọ́ ní àǹtí sàn ju kó máa rù lọ. Ṣùgbọ́n láti Ìkìrun ni mo ti ń gbàdúrà nínú ọkọ̀ pé kó jẹ ẹ́."

Ọkọ̀ wọn dé. Mo bá wọn gbé báàgì sí i, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mọ́mì," mo ní.

"Kí ló tún dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn pè yín ni."