Òfin Tí Mo Ṣe Lórí Ẹsẹ̀

Iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn ni kí n máa kọ́ àwọn tí eegun ẹsẹ̀ wọn kán bí wọ́n ṣe máa tún dìde rìn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é ní Bronx, ní Amẹ́ríkà níbí, mi ò sì tíì rí ẹni tí itan rẹ̀ kán tó dìde lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ yìí ni mo gbé wọ inú eré tí mo fẹ́ràn jù láyé, mo sì fi bà á jẹ́ fún ẹni tó nílò rẹ̀ jù láàárín wa.

Ọ̀sán Sátidé la máa ń ṣeré náà, nídìí tábìlì ìjẹun mi ní Morris Heights. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á mú jagunjagun kọ̀ọ̀kan. Ohun tí o bá fẹ́ kí jagunjagun rẹ ṣe, wàá sọ ọ́, wàá ju dáìsì bíi ti lúdò, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Èmi ni mo máa ń sọ ìtàn, èmi náà ni adájọ́. Èmi ni mo sì dàgbà jù níbẹ̀.

Àwọn méjì ló máa ń wá. Ọ̀kan ń ta oògùn. Èkejì jẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, tó máa ń wọ tíréènì wá láti Jamaica, àdúgbò kan nínú ìlú wa níbí. Rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀ òsì ní kékeré, irin ló fi ń gbé ẹsẹ̀ náà ró lábẹ́ ṣòkòtò. Àjà kẹta ni mo ń gbé, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn.

Jagunjagun tirẹ̀ kì í rìn, sísáré ló máa ń sáré, idà méjì lọ́wọ́. Ìwé òfin eré náà fún un ní agbára kan: lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀tá bá gbé e ṣubú, á dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì kọlù ú padà. Tó bá ti kan ibẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, á ní, “Mo dìde.” Kò sóhun tó ń dùn mọ́ ọn nínú bíi gbólóhùn yẹn.

Èmi ló ń bí nínú. Lọ́jọ́ kan, ẹranko abìyẹ́ kan gbé e jù sílẹ̀ láti orí odi tó ga bí ilé alájà méjì, ó ní òun dìde. Mo bi í pé báwo. Ó rẹ́rìn-ín. Ara mi ò gbà á. Mo jókòó lọ́sẹ̀ yẹn, mo kọ òfin tuntun sórí bébà méjì, mo sì fi ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ á máa tiro. Ẹni tó bá já láti òkè ò ní dìde títí ìjà á fi parí. Mo fún wọn ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, mo sì kà á fún wọn bí mo ṣe ń ka ìlànà fún aláìsàn.

“Ó dáa, ẹ̀gbọ́n,” lohun tó sọ. Ó ká bébà tirẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í bọ báàgì. Èmi rò pé ó fara mọ́ ọn ni. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe irú eré yìí á bá adájọ́ wọn jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ẹni tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ pé òfin rẹ̀ ò dáa? Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣá jagunjagun rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo ní kó máa tiro, ó sì ń ti ère kékeré tó dúró fún un díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì.

Ní Sátidé kejì, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pe òun. Ní ẹ̀kẹta, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ìyàwó mi ò bá wa ṣeré rí. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń lọ̀ nígbà tó sọ ọ́: “Ẹ gbà pé ẹranko tó tó bọ́ọ̀sì ń fò, tó ń tu iná lẹ́nu. Obìnrin kan wá dìde, ẹ ní irọ́ ni.” Mo ní kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ wọn.

Mo wọ tíréènì lọ sí Jamaica, mo bá obìnrin náà níbi iṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sán, a jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta tíì. Mo ní kó má bínú, mo ti fa bébà náà ya. Ó rọra gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó. Ìdí tábìlì yín nìkan ni mi ò ti ń rò ó.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè mu tíì mi.

Ó padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ẹranko gbé e ṣubú. Kò gbé ọwọ́ lé tábìlì. Ojú mi ló wò.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè dìde?”

Mo ní kó má bi mí mọ́, ó wà nínú ìwé. Ó mi orí pé òun gbọ́. Ìyẹn ti tó bí oṣù mẹ́fà, gbogbo ìgbà tó bá sì ṣubú ló máa ń béèrè. Mo máa ń yára dáhùn kó tó parí ọ̀rọ̀, á dìde, á sì sáré. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń béèrè, èmi ni mo sì kọ́ ọ.