Ẹ̀rọ Afárin Tí Mo Gbé Ka Orí Òpó

Nígbà tí mo kúrò ní Èkó, níbi tí mo ti lo ọdún mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ẹrù tí mo gbé bọ̀ wálé kò pọ̀. Àpótí irinṣẹ́ kan ni, àti ìwé kan tó jẹ́rìí pé n kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ohun kẹta kò ṣeé dì sínú ẹrù: ìfẹ́ ẹ̀rọ kan tí wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn rí. Léètì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á de irin mọ́ ọn, ẹ̀rọ á máa yí irin náà, wọ́n á wá fi irin mìíràn tó mú fá a lára títí yóò fi rí roboto bí wọ́n ṣe fẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbá ìfáfá irin tó bá já bọ́ sílẹ̀. Mo mọ ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń gbá àgbàlá ààfin ṣe mọ ọba.

Abúlé wa wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Igbókọ̀dá bí atẹ́gùn bá ṣeé bá rìn. Orí òpó ni gbogbo ilé wa wà, omi nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Ibẹ̀ ni mo pinnu pé màá ti kan léètì tèmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ sọ fún, nítorí igi líle wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe?" ó bi mí.

"Ó ń sọ irin di roboto, Bàbá."

"Ṣé irin roboto ti tán lọ́jà ni?"

"Kò tán, sà. Mo lè fi ṣe búùṣì, òrùka tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀."

"Ta ló ní ẹ́ńjìnnì níbí?"

Kò sẹ́ni tó ní. Bàbá wò mí títí, ó wá ní kí n gbé igi apá méjì tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ tó ń gbẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ ọ́ létí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ó sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n máa fi sùúrù bá mi lò, Èkó ti ṣe nǹkan sí mi lórí.

Igi méjèèjì ni mo fi ṣe ìbùsùn ẹ̀rọ, ibi tí gbogbo ara rẹ̀ yóò jókòó lé. Irin gbọọrọ tí yóò máa yí, inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ti rì sínú ẹrẹ̀ ni mo ti yọ ọ́, pẹ̀lú àfọ́kù idẹ díẹ̀. Ihò tí irin náà yóò máa yí nínú rẹ̀, òjé ni mo yọ́ sí i. Ìdí àwọ̀n mi ni mo ti tú òjé náà. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọ̀n mi ń léfòó, ẹja ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní àlàáfíà. Kẹ̀kẹ́ wíwúwo tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ dákẹ́ láàárín iṣẹ́, sìmẹ́ńtì ni mo rọ sínú abọ́ tánganran ńlá kan. Nígbà tó gbẹ, kò jáde. Mo ní láti fọ́ abọ́ náà yọ kúrò lára rẹ̀. Abọ́ ìgbéyàwó ìyàwó mi ni.

Ó wá ku ohun tí a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi yí. Irú rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní abúlé, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi ló sì wà.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kọ́?" ó ní.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni."

"Tí mo bá wá gba ẹsẹ̀ ẹ̀yin náà nìkan ńkọ́?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi fà á. Ó gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ní bí ọjà bá ku ọjọ́ méjì, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ òun.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ ẹ̀rọ náà, ó yí lóòótọ́. Ilé náà sì ń bá a mì. Ìkòkò ṣubú lulẹ̀, àwo já láti orí pẹpẹ. Ìyá mi tó wà ní yàrá kejì kígbe pé omi ti ń gbé ilé lọ, kí n sì tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí aṣọ wọn, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ sílé àbúrò wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò níbẹ̀.

Mo ronú, mo ronú. Mo wá gé ihò ńlá sí ilẹ̀ pákó ilé, mo ri òpó mẹ́rin tuntun tí mo gé lára ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, wọnú ẹrẹ̀ láti inú ihò náà, mo gbé ẹ̀rọ lé wọn lórí, kó má baà kan ilé rárá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá wò ó. Ó ní àwọn baba wa kọ́lé sókè kí omi má baà wọlé. Èmi wá gé ilẹ̀kùn fún omi.

Ẹ̀rọ dúró gbọin. Ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan, ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni ara rẹ̀. Bí mo bá fá irin kan tán, tí mo sì rí i pé èyí tó mú irin náà dání kò gún, màá tún fá òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Bí ará abúlé bá bi mí pé kí ni mo ṣe lónìí, màá ní mo ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n á ní ṣé èyí tí o ti ṣe tán kọ́?

Ìyàwó mi ló rí ohun tó ń bà á jẹ́. Ó dúró sẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń pa eku," ó ní. "Ẹ dìde."

Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́. Mo gbé irin mímú sí i. Ìfáfá tó máa ń já wúruwùru tẹ́lẹ̀ wá ń jáde gbọọrọ, ó ká kò bí irun. Inú mi dùn, inú sì bí mi díẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ ìjọba tó ń gbé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kiri ọ̀sà kú sí iwájú abúlé wa. Ẹni tó ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gun àkàbà ilé wa, ó mú búùṣì idẹ kan tó ti gbó tán dání. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé wèrè kan wà níbí tó ní ẹ̀rọ. Mo ní èmi ni.

Ìyàwó mi ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń fá idẹ. Àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ̀, búùṣì tuntun ti wọ àyè rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì dún. Ajẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé wá wo ẹ̀rọ, ògbufọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Òyìnbó ní ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ojú mi ló kọ́ mi."

Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún un. Ohun tó sọ gùn gan-an ju ohun tí mo sọ lọ. Òyìnbó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní inú òun dùn pé ìjọba kọ́ mi dáadáa.

Ó wá yọ kámẹ́rà. Ó wo inú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní kí obìnrin náà yẹra díẹ̀, ó ń bo ẹ̀rọ. Ìyàwó mi dìde, ó lọ dúró sí ìdáná. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo gbé irin mímú lé idẹ tí kò yí, mo lejú bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lára, òyìnbó sì ya àwòrán. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àwòrán náà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó dáadáa.

"Iṣẹ́ yín ń lọ dáadáa," ó ní, ó dá a padà fún mi.

Ojú tì mí. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé irin mímú fún un, mo ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò, kí èmi máa tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé yóò ba nǹkan jẹ́, kí n lè rí i tù nínú. Kò ba nǹkan jẹ́. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Èmi ló wá ń sọ fún pé kí n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ.

Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ lórí omi wa, àwọn oníbàárà sì ń gun àkàbà wa. "Ẹ kú ilé o. Ìyàwó ńkọ́?" Bí mo bá ní èmi wà níbí, wọ́n á ní kò sí wàhálà, àwọn yóò dúró dè é.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ jẹ irin wa díẹ̀díẹ̀. Òpó ẹ̀gbà kan rì ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ, ohun gbogbo tí a bá fá wá ń tóbi ní ẹ̀gbẹ́ kan. A tú ẹ̀rọ náà nígbà tí ọkùnrin kan gbé léètì tòótọ́ wá sí Igbókọ̀dá. Mo múra dè é, nítorí mo gbọ́ pé ó ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ó wá lóòótọ́, ó jókòó, ó mu omi, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bi mí bóyá màá yọ̀ǹda kí ìyàwó mi máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti fi han àwọn òṣìṣẹ́ òun.

Mo yọ̀ǹda. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ gbé e lọ. Bí a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á nasẹ̀ sínú ọkọ̀, á ní kí n rọra máa wà á, ó ti rẹ òun.