Ọwọ́ Òsì Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́.

Kíláàbù wa ní Old GRA ní pápá koríko kékeré kan tí àwa àgbàlagbà ti ń yí bọ́ọ̀lù. Eré náà kò le lójú: èèyàn á yí bọ́ọ̀lù dúdú nílẹ̀ kó lè lọ dúró ti funfun kékeré tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀lù dúdú náà wúwo ju èkejì lọ, kì í lọ tààrà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé kòrónà, èmi tí mo kéré jù nínú wa ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹ̀rù bà mí pé bí a bá kú tán, ewúrẹ́ ni yóò jogún pápá.

Ni mo bá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá pé kí àwọn ọ̀dọ́ wá gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnu mi ló kó bá mi. Àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú bàtà olókùn, wọ́n ń wá ibi tí góòlù wà.

"Mummy, where post dey?"

Mo ṣàlàyé títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Aluu, nìkan ló dúró.

Ọwọ́ òsì ló fi yí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ó yà díẹ̀, ó rọra lọ sinmi lára funfun. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́.

"Chai! This thing sweet o!" ni ọmọ náà wí.

Èmi ńkọ́? Mo jágbe mọ́ ọn: "Ọwọ́ ọ̀tún! Níwájú àgbà?"

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mi ò rántí pé pápá koríko kì í ṣe ilé baba ẹnikẹ́ni.

Odindi oṣù mẹ́ta ló fi ọwọ́ ọ̀tún yí bọ́ọ̀lù sínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ pápá. Kò ráhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, nígbà tó yá kò dé mọ́. Ìgbà yẹn ni baba kan ní kíláàbù tó sọ fún mi pé kò sí òfin tó ka ọwọ́ òsì léèwọ̀ nínú eré náà. Ojú tì mí. Mo lọ bá ọmọ náà ní Aluu, mo bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ tó bá wù ú ni kó lò. Ó gbà, torí pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró, ó wojú mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wojú mi.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí, I no fit. Kí n tó yí i, ojú yín ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. I no dey see the white one again."

Kí ni mo lè ṣe? Mo ti bẹ̀bẹ̀ tán. Mo kẹ́yìn sí i, mo kọjú sí ògiri kíláàbù. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ń yí lọ, mo gbọ́ tó já sí gọ́tà. Mo dúró, mo ń retí kó mú òmíràn. Nígbà tí mo máa yíjú padà, ó ti bọ́ bàtà pápá, ó ń wọ sálúbàtà rẹ̀.