Wọ́n Mọ Ìkíni, Wọn Ò Kí Mi

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà síléèwé lẹ́yìn tí mo sin ọkọ mi ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ìdánwò Yorùbá. Èmi ni mo kọ ìbéèrè rẹ̀ kí ikú tó dé, n ò sì rántí ohun tí mo kọ mọ́. Mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Ìgàndò, mo ń máàkì, mo dé ibi tí mo ti bi wọ́n pé báwo ni a ṣe ń kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Gbogbo wọn ló gbà á, àní títí kan àwọn tí kì í gba nǹkan kan. Háà! Inú bí mi. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo ti wọ kíláàsì pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, kò sí ẹyọ ọmọ kan tó la ẹnu kí mi. "Gúùdù mọ́nìn, mà" ni wọ́n ń kọ lórin. Mo fún wọn ní máàkì wọn ṣá, mo ju báírò sílẹ̀.

Ìjọba ti kó àwa olùkọ́ jọ rí, wọ́n ní tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mọ iṣẹ́, gbé iṣẹ́ náà gan-an lé e lọ́wọ́, má fi bébà tan ara ẹ jẹ. Wọ́n ní kí olùkọ́ wá ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń jò, kó yí nǹkan kan padà, kó máa wò ó, kó bi àwọn ọmọ léèrè, kó tún un ṣe. Oorun ni mo fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sùn. Ìbínú yìí ló jẹ́ kí n rántí rẹ̀.

Kí ni mo tilẹ̀ ń kọ́ wọn? Pé "Àrẹ̀dú o" là ń kí aláró, pé "Àrìnpa o" là ń kí ọdẹ. Ta ló rí ọdẹ rí n'Ígàndò? Mo pa ìyẹn tì, mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ onídìrí tó wà lẹ́nu géètì wa, mo ní kí wọ́n kí i bí mo ṣe kọ́ wọn. Wọ́n tò, wọ́n sì ké e lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń ka ABD: "Ojú gbooro o!" Oníbàárà fò dìde lórí àpótí. Onídìrí rò pé àdúrà ni, ó nawọ́ méjèèjì sókè: "Àmín o, lórúkọ Jésù!" Mo rẹ́rìn-ín dé ọ́fíìsì àwa olùkọ́, n ò rẹ́ni bá mi rín in. Olùkọ́ ìṣirò kàn ní, "Ìyá Ìkíni, ẹ sinmi jàre. Ṣé ìkíni ló máa gbé wọn dé yunifásítì?" Ẹni tí ǹ bá délé sọ ọ́ fún ti wà nínú ilẹ̀.

Mo yí i padà. Kò sí àjùmọ̀ké mọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá lọ, á kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni náà ń ṣe, á kí i, ẹni tí wọ́n kí ló sì máa sọ fún mi bó ṣe rí lára òun. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ní ọmọ kan kí òun kú oòrùn, pé "ẹ yára" nìkan ni etí òun mọ̀ látẹnu èèyàn. Ìyàwó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n kí kú ewu, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà wá gbé ìkókó òun.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, mo máa ń ṣílẹ̀kùn, màá ti sọ pé "Ẹ kúulé o" kí n tó rántí. Àwọn aláṣọ funfun tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn kọjú sí wa á máa kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, èmi á jókòó ti abọ́ ẹ̀bà kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kí gbogbo àdúgbò, wọn ò kí mi. Ó dùn mí, kí n má purọ́.

Ìjọba kúkú ti ní ká bi àwọn ọmọ. Mo bi wọ́n.

"Ẹ̀ ń kí onídìrí, ẹ̀ ń kí alátáyà. Èmi ńkọ́? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rọra dìde.

"Mà, ẹ má bínú. Ọjọ́ tẹ́ ẹ dé, a ti jọ sọ ọ́ pé a máa kí yín. Àwọn màmá wa ló ní ká má dán an wò, pé a máa rán yín létí, ẹ máa sunkún."

Àwọn yòókù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé màá gbàgbé ni, tẹ́ ò bá rán mi létí?" mo ní. "Ẹkún náà, ojoojúmọ́ ni mò ń dá a sun nílé. Ẹ kí mi, jàre."