Ìkíni Lójú Ọ̀nà Màńdò

Òórùn ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe òórùn kan ṣoṣo. Eruku gbígbẹ wà nínú rẹ̀, èéfín ewé tí wọ́n ń jó létí igbó Àfàká wà nínú rẹ̀, òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn tírélà ń tú sílẹ̀ sì máa ń gorí gbogbo rẹ̀. Bí ìwọ náà bá ti gbé ibẹ̀ rí, o mọ ohun tí mò ń sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku ki débi pé igi máńgòrò ẹnu géètì wa dà bí ẹni tó dúró tó ń ṣọ́ wa. Bóyá mo rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà, bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló kọ́ mi láti máa rí i bẹ́ẹ̀. N kò lè búra.

Mo wá lo ìsinmi nílé láti yunifásítì. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni, nílé alága ní Ungwan Rimi. Bàbá mi, tíṣà tó tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kì í wọ mọ́tò lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá lè gbé e dé. Màmá mi sìn ín dé ẹnu géètì.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn là díẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò ní í rí yín.”

“Akọ̀wé tó bá pẹ́, ṣé oòrùn ni yóò bá a kọ̀wé?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, eruku sì gbé e mì. Kò pẹ́ tí alága fúnra rẹ̀ fi mọ́tò dé láti wá kó àwọn àga ẹgbẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wa. Mo bá a kó wọn, mo sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àṣà kan wà láàárín àwa ọmọ Kogi ní Kàdúná nígbà náà. Ibùgbé wa jìnnà síra, èdè Hausa la sì fi ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ wa níta. Nítorí náà, bí onímọ́tò bá rí ọmọ ìlú rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, dandan ni kó tẹ họ́ọ̀nù kí i. Oníkẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ yíjú padà, kó nawọ́ sókè, kó sì tẹrí ba bó bá jẹ́ àgbà ló kí i. Ẹni tí kò dáhùn ti tàbùkù ẹni tó kí i. Kò sẹ́ni tó ronú pé bí ènìyàn bá yíjú sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò yà tẹ̀lé ojú rẹ̀.

Lójú ọ̀nà Màńdò, ẹ̀yìn bàbá mi yọ láti inú eruku, pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀.

“Ṣé kì í ṣe Tíṣà wa nìyẹn? Wò ó bó ṣe ń fò bí ẹni wọ bàálù!” Alága tẹ họ́ọ̀nù.

Bàbá mi yíjú láti apá òsì, ó nawọ́, ó tẹrí ba, kẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ àárín ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìgbà yẹn gan-an ni tírélà kan tó wà lẹ́yìn wa yà wá sílẹ̀, tó sì já padà síwájú wa. Ó dí ohun gbogbo. Eruku nìkan ni mo rí, àti iná pupa kan tó ń lọ. Bàbá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé tírélà yẹn kò ní iná rárá. Alága ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun tẹ họ́ọ̀nù; etí tèmi ṣì ń gbọ́ ọ léraléra.

A dúró. Fìlà funfun náà wà lórí títì. Ọwọ́ alága ń wá ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, kò rí i ṣí. Mo sáré. Ọkùnrin kan tó ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà ti ṣáájú mi dé inú kòtò tí bàbá mi ṣubú sí, ó ń kí i pẹ̀lẹ́ lédè Hausa pé, “Sannu, Baba! Sannu!” Bàbá mi dìde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wo alága tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó tẹrí ba, ó sì parí ìkíni tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́:

“Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ilé ńkọ́?”

 Alága jókòó sínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ìpàdé lọ́rùn.

Lọ́jọ́ náà ló sọ níwájú ẹgbẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ họ́ọ̀nù kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ mọ́. Kí onímọ́tò dẹwọ́ eré, kó fi àyè tó gbòòrò sílẹ̀, kó kọjá. Kí oníkẹ̀kẹ́ kọjú síwájú, kó sì di etí ọ̀nà mú. Ẹnu géètì ni kí wọ́n ti kíra.

“Haba!” ni ìyá àgbà kan wí. “Kí ọmọ kọjá lára bàbá rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀,” ló wí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì.

Ó ti pẹ́. Bàbá mi kò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, èmi náà sì ti di onímọ́tò. Bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń bá a lójú ọ̀nà kan náà. N ó dẹwọ́ eré, n ó wo dígí bóyá nǹkan ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn, n ó fún un láyè, n ó sì kọjá láìsọ nǹkan kan. Òun náà kì í wò mí. Ẹni tí kò mọ̀ wá yóò rò pé ìjà wà láàárín wa. Mo ti rò rí pé inú ìkíni ni gbogbo ìfẹ́ wa wà. Mo ti wá mọ̀ pé ìfẹ́ kan wà tó ń pa ẹnu mọ́. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ délé. N ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò, eruku á máa ki sí i, ìkíni náà á sì wà lẹ́nu mi, n kò ní lè gbé e mì, n kò ní lè sọ ọ́, títí n ó fi gbọ́ ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì.